Èèpo Igi Tí Mo Fi Gbẹ̀san Lára Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ogójì ọjọ́ gbáko ni inú mi fi dùn lórí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ má baà rò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sunkún. N kò sunkún. Mo rẹ́rìn-ín, mo jẹun, mo sùn dáadáa.

Moutiatou ni orúkọ mi. Mò ń ta èèpo igi, gbòǹgbò àti ewé gbígbẹ ní ọjà Kétu. Iṣẹ́ ìyá mi ni. Ìyá Séidou ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí Séidou ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láti Idigny títí dé Pobè. Àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ti dá egbò sí lọ́mú ni ó máa ń bá tọ́jú egbò wọn. Igi kan wà ní oko wa ní Kpankou. Omi èèpo rẹ̀ ni ó fi ń fọ egbò náà, ó sì ń fún wọn mu díẹ̀.

Ẹ má bi mí ní orúkọ igi náà. N kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ mọ́.

Ìyá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ná. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ wá kí n bá yín fọ ọ́." Àwọn kan rí ìtura. Àwọn mìíràn kú.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, olùwádìí kan dé láti yunifásítì. Cyriaque ni orúkọ rẹ̀, ọmọ wa ni, ó gbọ́ Nàgó dáadáa. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní làbó kan tí wọ́n ti ń wá ohun tó wà nínú igi àti ewé tí ó lè bá jẹjẹrẹ jà. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò gbé e mọ́ nígbà yẹn. Cyriaque jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta ní Kpankou, èmi wà ní ọjà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín ni Cyriaque padà wá pẹ̀lú ìròyìn. Ó ní wọ́n ń sin jẹjẹrẹ nínú ìgò kéékèèké, àfi bí ẹni ń sin adìẹ, wọ́n sì da ohun tí wọ́n yọ láti inú èèpo ìyá mi sí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kú.

Séidou bi í pé, "Ṣé oògùn ti dé nìyẹn?"

Cyriaque mi orí. "Rárá, Bàbá. Omi ọṣẹ lásán pàápàá lè pa á nínú ìgò. Ohun tí a rí ni pé nǹkan kan wà nínú èèpo yìí tí ó yẹ kí a lépa. A óò gba èèpo lẹ́ẹ̀kan sí i, a óò tún un dán wò. Bí èkejì bá bá àkọ́kọ́ mu, a óò tẹ̀ síwájú, a óò yọ nǹkan náà sọ́tọ̀ láti mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kò bá bá a mu, a óò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, a óò mú igi mìíràn."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Èmi náà fi í sọ́kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún rere.

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ tán, ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n ti fi dígí bò. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ìmọ̀ igi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i gàdàgbà. Mo na ọrùn kí n ka orúkọ ìyá mi, tàbí orúkọ tèmi. Chérifatou ni mo kà.

Chérifatou ni ìyàwó Séidou. Ó bá mi nílé ni, nítorí náà èmi ni ọkọ rẹ̀ bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Kì í pe orúkọ mi. Opélẹ́ńgẹ́ ni ó sọ mí, ó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí mo fi di ẹni tí kò lè gba inú ilẹ̀kùn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń tẹ̀lé ìyá mi wọ igbó láti ọmọ ọdún méje, èmi ni wọ́n fò dá. Chérifatou, ẹrù ni ó máa ń bá wa rù.

Èmi ni ìyá mi kọ́ bí a ṣe ń gé e. Èèpo kan láti ojú ibi tí oòrùn ti ń yọ, èkejì láti ojú ibi tí ó ń wọ̀, kí igi má baà kú. A óò kọ inú wọn síra wọn, a óò fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A kì í ta okùn náà ní kókó, ẹnu rẹ̀ ni a ń kì bọ abẹ́. Mo lè dì í pẹ̀lú ojú dídì.

Mo pe Chérifatou sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà. "Ta ló ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ?"

Ó wolẹ̀. "Opélẹ́ńgẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Kò sọ ju ìyẹn lọ. Mo ní olè kì í ní àlàyé.

Wọ́n mú un lọ sí Cotonou, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbààgbà. Wọ́n gbé e sórí rédíò. Mo wà ní ìsọ̀ mi ní ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ jáde, tí ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń sa èèpo sí ibòji kí oòrùn má baà gba agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi gan-an ni.

Obìnrin tí ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi. "Moutiatou, ṣé ìyàwó ni ó ń jogún ìyá ní ilé tiyín ni?"

Gbogbo ìlà ìsọ̀ wa ni ó rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi bí mo ti ń pa ìsọ̀, n kò sì mọ̀ pé ara mi ni mò ń bá wí.

Àsìkò ọyẹ́ ni àyè ṣí sílẹ̀ fún mi.

Alùpùpù gbé Chérifatou ṣubú lójú ọ̀nà Idigny, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì dá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni làbó ń retí èèpo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Séidou wà ní òde-ọ̀nà ní Nàìjíríà. Chérifatou ránṣẹ́ sí mi, mo lọ, mo bá a lórí ẹní pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n dì gbàgìdì.

"Opélẹ́ńgẹ́, n kò ní ẹlòmíràn. Ẹ bá mi gé e. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ṣé wọn kò ní í fẹ́ ewé mọ́ ọn?" mo bi í.

"Wọ́n máa ń fẹ́ ewé àti òdòdó, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé láti fi dá igi mọ̀. Ṣùgbọ́n igi ti wọ́wé tán nínú ọyẹ́ yìí. Wọ́n ní nítorí pé èmi ni, èèpo nìkan ti tó."

Nítorí pé òun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Mo mú ọ̀bẹ, mo wọ oko. Mo dé ìdí igi ìyá mi, mo dúró. Mo rí ojú ibi tí òun fúnra rẹ̀ gé gbẹ̀yìn, èèpo tuntun ti ń bò ó. Mo fi ọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi lásìkò yẹn, bóyá ǹ bá gé e bó ti yẹ kí n sì máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó pè mí.

Igi mìíràn wà lẹ́yìn ebè iṣu tí èèpo rẹ̀ pupa bíi tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò kò lè mọ ìyàtọ̀. Ti ìyá mi korò dé ọ̀nà ọ̀fun, èyí kò ní adùn kankan, kò sì ní ìkorò. A kì í fi í ṣe ohunkóhun ju igi ìdáná lọ.

Òun ni mo gé. Mo gé e dáadáa, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Mo dì í ní ìdì méjìlá. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń dì í, mò ń wí pé, "Jẹ́ kí ìgò wọn fi ọ́ hàn, ìyàwó mi. Jẹ́ kí rédíò tún pè ọ́."

Cyriaque wá gbé e lọ́wọ́ Chérifatou lọ́jọ́ kejì. Chérifatou dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò lè kúnlẹ̀, ó tẹrí ba lórí ẹní. Ó ní kí n mú àgbébọ̀ adìẹ kan lọ sílé. Mo mú un. Mo pa á, mo fi ata rẹpẹtẹ sè é, mo jẹ ẹ́ tán títí kan egungun ọrùn.

Nígbà tí ó tó bí oṣù kan, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èèpo ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ṣe nǹkan kan. Jẹjẹrẹ inú ìgò ń gbádùn ara rẹ̀. Ìpàdé tí wọ́n fẹ́ pe Chérifatou sí ní Porto-Novo, wọn kò pè é mọ́. Ní ọjà, wọ́n ń sọ pé ìyàwó Séidou purọ́ gba ìwé, pé kò mọ igi, kò mọ ewé. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn? Èmi ni. Mo sọ ọ́ sí aláta létí, mo sì mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn.

Mo wọ aṣọ tí ó dára, mo lọ bá Chérifatou kẹ́dùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i.

Ojú rẹ̀ ti wú. Mo ní, "Ìyàwó mi, má banú jẹ́. Nǹkan ìmọ̀ kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Opélẹ́ńgẹ́." Ó tún wo ọwọ́ mi méjèèjì, ó gbé ojú kúrò. Mo rò pé ìtìjú ni.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Cyriaque wá sí Kpankou. Séidou ti dé láti òde-ọ̀nà, ó sì ní kí n wá, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá wa ni. Mo gun alùpùpù láti Kétu pẹ̀lú ayọ̀. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọn óò sọ ìwé onídígí yẹn kalẹ̀ lára ògiri.

Cyriaque kò bínú. Ìyẹn ni ó kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ó jókòó, ó mú pọ́tábù, fóònù rẹ̀, jáde, ó ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé làbó.

"Òfin wa ni pé kí a padà wá sọ fún àwọn tó ni igi. A máa ń fún èèpo kọ̀ọ̀kan ní orúkọ nínú ìwé wa. Èyí, 'Ìyá Séidou' ni a pè é. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí: Ìyá Séidou, kò ní agbára, a ti pa á tì."

Mo gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Ìyá Séidou, kò ní agbára.

Kì í ṣe Chérifatou ni wọ́n pa tì nínú ìwé yẹn.

Cyriaque fa àpò kan síwájú. "Èyí tó ṣẹ́kù nínú èèpo nìyí. Tiyín ni, mo dá a padà."

Séidou mú ìdì kan. Ó bu díẹ̀ nínú èèpo náà, ó fi í sẹ́nu. Láti kékeré ni ìyá wa ti ń fún un mu nígbà tí inú bá ń run ún. Ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó tún un jẹ, ó tu ú sílẹ̀.

"Kò korò," ó ní. "Èyí kọ́ ni igi wa."

Cyriaque yíjú sí Chérifatou. "Mádàmù, ẹ̀yin ni ẹ gbé e fún mi."

"Èmi ni."

"Ta ló bá ọ gé e?" Séidou bi í. Chérifatou wolẹ̀. "Mo ní ta ló bá ọ gé e? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọkọ òpùrọ́ ni?"

Omijé ń kán sí orí ọwọ́ Chérifatou. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. N kò sọ̀rọ̀. Mo jókòó sórí àga, mo ń wo ìyàwó wa bí ó ti ń rì, mo sì ń retí pé kí ó rì tán.

Séidou gbé ìdì náà sún mọ́ ojú. Ó fi èékánná fa ẹnu okùn náà jáde lábẹ́, okùn náà sì tú ní ẹ̀ẹ̀kan náà láìsí kókó kankan. Ó gbé orí sókè.

"Ènìyàn méjì péré ni mo mọ̀ tó ń di nǹkan báyìí," ó ní. "Ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Ẹ ò rí i, mo lè purọ́ igi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ bí a ṣe ń purọ́ ìdì. Inú tí ó ń bí mi kò jẹ́ kí n rántí pé ọwọ́ náà ní ẹnu.

Séidou yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O mọ̀?"

"Láti ìgbà tí làbó ti ránṣẹ́ sí mi pé èèpo náà kò ṣiṣẹ́," Chérifatou ní. "Ọkọ mi ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tú ọkọ mi fó níwájú àlejò?"

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dìde. "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni! Ta ló kọ́kọ́ ṣe é fún ẹnì kejì? Ta ló jí ìyá mi gbé sórí ògiri? Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ wá sí ilé wa, ẹ fò mí dá, ẹ kọ orúkọ ẹlẹ́rù!"

"Jókòó," Séidou ní. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ fi í júwe ti ìyá rẹ."

"N kò ní í jókòó. Kí ó sọ ẹni tó ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀!"

Cyriaque ní, "Tántì, kì í ṣe àwa ni a yàn án. Ìyá ni. Ohùn wọn wà níhìn-ín."

Chérifatou na ọwọ́ sí i kíákíá. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sí i." Ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. "Moutiatou, má jẹ́ kí ó fi í sí i."

Ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ti wà nílé wa, kò pe orúkọ mi rí. Ìyẹn ni ó mú inú túbọ̀ bí mi. Mo ní, "Fi í sí i."

Cyriaque tẹ pọ́tábù náà. Mo gbọ́ ikọ́ ìyá mi. Mo gbọ́ adìẹ tí ń ké ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ Cyriaque tí ó ń bi í pé orúkọ ta ni kí wọ́n kọ, pé ṣé kò ní ọmọbìnrin.

Ìyá mi ní, "Mo ní ọmọbìnrin. Ó mọ igi ju èmi gan-an lọ, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ Chérifatou. Moutiatou ọmọ mi, bí ènìyàn bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, ọdún mẹ́ta ni yóò fi máa rántí rẹ̀. Aláìsàn a sì máa ṣẹ ènìyàn. Ara ń ro ó, yóò bú ọ, yóò da oògùn nù mọ́ ọ lára. Ẹni tó bá ń rántí, kò yẹ kí ó di oògùn aláìsàn mú. Ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́ o. Yóò dùn ún."

Cyriaque pa á. Mo wá jókòó.

Bóyá ẹ ń retí pé kí n sọ pé mo dárí ji ìyá mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. N kò dárí jì í. Inú bí mi sí i ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi padà sí Kétu, mo ń bá òkú jà lórí alùpùpù, awakọ̀ ń bi mí bóyá òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dé ilé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun tí ó sọ ni mò ń ṣe yẹn.

Kí n tó kúrò ní Kpankou, Cyriaque ti ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo ṣe, ó kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ó ní pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lè nu "kò ní agbára" yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi igi mìíràn sí àyè tirẹ̀. Ó ní bí òjò bá dé, tí igi wa bá rúwé, kí wọ́n gba ewé, òdòdó àti èèpo lọ́wọ́ Chérifatou fúnra rẹ̀, kí igi wa sì tún lọ tò sẹ́yìn àwọn tó wà níwájú. Ó lè jẹ́ ọdún kan. Ó lè jẹ́ mẹ́rin. Mo bi í pé nígbà tí wọ́n bá wá dán an wò, ṣé yóò ṣiṣẹ́ nínú ara ènìyàn? Ó ní òun kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a.

Séidou ní n kò gbọdọ̀ gbé ọ̀bẹ wọ oko náà mọ́. Mo ṣì ń lọ kí wọn nígbà ọdún. Chérifatou ń gbé àga fún mi, ó ń bu omi fún mi. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnì kan lọ́kàn báyìí tí ẹ ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀, n kò ní í wàásù fún yín. Inú tó bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi nígbà mìíràn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wádìí dáadáa, ta ni ó dúró lẹ́yìn ẹni tí ẹ fẹ́ sọ òkò lù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá sí ìsọ̀ mi láti ọ̀nà Pobè. Ó fi ìborùn wé àyà rẹ̀ gírígírí, mo sì ti mọ ohun tí ó bá wá kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ọmọ Ìyá Séidou wà ní ọjà yìí," ó ní, "ẹni tó mọ igi náà."

Mo bi í bóyá ó ti lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní rárá. Mo ní kí ó lọ lọ́la, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀tunla, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní lẹ́yìn náà, bí ó bá ń wá ọmọ Ìyá Séidou, kí ó dé Kpankou, kí ó bèèrè Chérifatou.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Mo rí ìyá náà rí, nígbà tí ó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin kọ́ ni ọmọ wọn?"

"Chérifatou ni," mo ní. "Èmi kàn jọ wọ́n lójú ni."